Ìlà tí kò ní bá èkejì rẹ̀ pàdé: bí a ṣe ń wá ìdọ́gba rẹ̀

Ìbéèrè tó wọlé: Ìyá kan tó máa ń jókòó ti ọmọ rẹ̀ tó wà ní SS2 kọ̀wé pé: “Ẹ jọ̀wọ́, iṣẹ́ tí wọ́n fún ọmọ mi ní kó wá ìdọ́gba ìlà tó gba ojú àmì (4, −1) kọjá, tó sì jẹ́ párálẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú ìlà 3x + 2y = 7. Ó ṣe é títí, ó kan y = 3x − 13. Ẹ̀yìn ìwé ní 3x + 2y = 10 ni. Àwa méjèèjì wò ó títí, a ò rí ibi tó ti ṣì í. Èkejì, olùkọ́ wọn ní kí wọ́n ṣáà ti mú gradient kan náà, ṣùgbọ́n nígbà tó dé orí x = 5, kò rí gradient kankan mú. Ẹ bá wa là á yé.”

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Ẹ bá mi sọ fún un pé kò jìnnà sí ibi tó ń lọ. Ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo ló ṣì, ìyẹn àkọ́kọ́. Gbogbo èyí tó kù ló mọ́. Ó rí 3 níwájú x, ó sì gbà pé gradient ìlà náà nìyẹn, nígbà tí y kò tíì dá dúró. Láti ibẹ̀ ó kọ y − (−1) = 3(x − 4), ó sọ ọ́ di y + 1 = 3x − 12, ó wá bọ́ sí y = 3x − 13. Ìlà tó rí yẹn gba (4, −1) kọjá lóòótọ́: 3 lọ́nà 4 jẹ́ 12, ẹ yọ 13 kúrò, ó ku −1. Ohun tó sọnù ni ibi tí ìlà náà kọjú sí. Ìlà tirẹ̀ ń gòkè bí a bá ń lọ sí ọ̀tún, bẹ́ẹ̀ 3x + 2y = 7 ń sọ̀ kalẹ̀ ni. Ìlà méjì tí ọ̀kan ń gòkè tí èkejì ń sọ̀ kalẹ̀ gbọ́dọ̀ gé ara wọn níbì kan. Àwọn méjèèjì yìí pàdé níbi tí x ti jẹ́ 11/3, tí y sì jẹ́ −2, ìtòsí (4, −1) gan-an. Ìlà tó bá pàdé èkejì kò lè jẹ́ párálẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú rẹ̀.

Nǹkan méjì péré ló ń sọ bí ìlà gbọọrọ kan ṣe máa rí: ibi tó kọjú sí, àti ojú àmì kan tó gbà kọjá. Nínú ìbéèrè párálẹ́ẹ̀lì, wọ́n ti fi méjèèjì lé wa lọ́wọ́, ṣùgbọ́n wọ́n fi ti àkọ́kọ́ pamọ́ sínú ìlà tó ti wà nílẹ̀. Kí á fà á yọ níbẹ̀ láì bà á jẹ́, iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Ohun tí àwọn olùkọ́ ń pè ní gradient, tí èmi ó máa pè ní ìdagẹ̀rẹ́, ni nọ́ńbà tó ń sọ ibi tí ìlà kọjú sí.

Kí ẹ tó jẹ́ kó tún fọwọ́ kan fọ́múlà kankan, ẹ fún un ní bébà gíráàfù, kí ẹ ní kó wá ojú àmì mẹ́ta lórí 3x + 2y = 7. Bí x bá jẹ́ 1, 3 ti jáde nínú 7, ó ku 4 fún 2y, y á jẹ́ 2. Bí x bá jẹ́ 3, 9 ti ju 7 lọ, nítorí náà 2y gbọ́dọ̀ jẹ́ −2, y á jẹ́ −1. Bí x bá jẹ́ 5, y á jẹ́ −4. Kó fi pẹ́ńsùlù sàmì sí (1, 2), (3, −1) àti (5, −4), kó wá fi ìka rìn láti ọ̀kan dé èkejì. Àpótí méjì sí ọ̀tún, àpótí mẹ́ta sísàlẹ̀. Méjì sí ọ̀tún, mẹ́ta sísàlẹ̀. Ìrìn yẹn kì í yí padà níbikíbi lórí ìlà náà, òun sì ni ìdagẹ̀rẹ́: iye tí a gòkè tàbí tí a sọ̀ kalẹ̀, tí a fi iye tí a rìn sí ọ̀tún pín. Níbí, a sọ̀ kalẹ̀ ní 3 fún 2 tí a rìn, nítorí náà ó jẹ́ −3/2. Máínọ́ọ̀sì iwájú rẹ̀ ló ń sọ pé sísọ̀ kalẹ̀ ni.

Ẹ wá ní kó gbé pẹ́ńsùlù lọ sórí (4, −1), kó sì rin ìrìn kan náà. Méjì sí ọ̀tún, mẹ́ta sísàlẹ̀: ó dé (6, −4). Kó padà sórí (4, −1), kó rìn ín sẹ́yìn: méjì sí òsì, mẹ́ta sókè: (2, 2). Lẹ́ẹ̀kan sí i: (0, 5). Kó fi rúlà so mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀. Ìlà tí ìwé ń béèrè ti wà níwájú rẹ̀ yẹn, kò tíì kọ fọ́múlà kankan. Ẹ jẹ́ kó fi nọ́ńbà dán an wò: 3 lọ́nà 6 pẹ̀lú 2 lọ́nà −4 jẹ́ 18 − 8, ìyẹn 10. Ti (2, 2) jẹ́ 6 + 4, ìyẹn 10. Ti (0, 5) jẹ́ 10. Ti (4, −1) fúnra rẹ̀ jẹ́ 12 − 2, 10 náà ni. Ibi tí ẹ̀yìn ìwé ti rí 3x + 2y = 10 nìyẹn. Ọmọ tó bá fi ìka ara rẹ̀ rin ìrìn yìí lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta kì í tún ṣi 3 mú bí ìdagẹ̀rẹ́, torí ojú rẹ̀ ti rí i pé ìlà náà ń sọ̀ kalẹ̀.

Àmọ́ kò sí bébà gíráàfù nínú gbogbo ìdánwò, nọ́ńbà inú ìbéèrè sì lè tóbi, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń fi lẹ́tà ṣe é. Ohun tó ń jẹ́ kí á lè ka ìdagẹ̀rẹ́ lójú ẹsẹ̀ ni pé kí y dá wà ní apá òsì, kí 1 péré jẹ́ nọ́ńbà iwájú rẹ̀, bí ó ṣe rí nínú y = mx + c. Níbẹ̀, m ni ìdagẹ̀rẹ́, c sì ni ibi tí ìlà ti gé ọ̀pá y. Bí nọ́ńbà mìíràn bá wà níwájú y, tàbí tí x ṣì wà lápá kan náà pẹ̀lú rẹ̀, ẹ má kà á rárá. Ẹ kọ́kọ́ yọ 3x kúrò lápá méjèèjì:

2y = −3x + 7

Ẹ wá fi 2 pín gbogbo rẹ̀:

y = −(3/2)x + 7/2

Ìgbà yìí ni −3/2 tó yọ síta. Àṣìṣe mẹ́ta ló ń bẹ níbi kékeré yìí, mo sì fẹ́ kí ẹ máa ṣọ́ wọn. Àwọn ọmọ kan á fi 2 pín 7 nìkan, wọ́n á kọ y = −3x + 7/2. Àwọn mìíràn á yọ 2 kúrò dípò kí wọ́n fi pín, wọ́n á kọ y = −3x + 5. Àwọn kan á sì gbàgbé máínọ́ọ̀sì tó yẹ kó wà níwájú 3x. Lójú tèmi, orísun kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wá: bí wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ pé “tó bá ti ré àmì ìdọ́gba kọjá, àmì rẹ̀ á yí padà.” Gbólóhùn yẹn máa ń yá ọmọ lẹ́nu, kì í sì í yé e. Kò sí ohun tó ré kọjá. Ohun kan náà ni a ṣe sí apá òsì àti apá ọ̀tún, kí méjèèjì lè dọ́gba síbẹ̀. Ọmọ tó bá mọ èyí kò ní bi ara rẹ̀ bóyá àmì 2 yẹ kó yí padà. Á mọ̀ pé 2 ń sọ y di púpọ̀, nítorí náà pípín ló máa tú u sílẹ̀, pípín náà yóò sì kan gbogbo ohun tó wà lápá ọ̀tún. Àmì = fúnra rẹ̀ ń sọ bẹ́ẹ̀. Robert Recorde, ará Wales, ló kọ́kọ́ lò ó nínú ìwé tó tẹ̀ ní 1557, ìdí tó sì fi yan ìlà méjì tó gùn bákan náà, tí wọ́n jẹ́ párálẹ́ẹ̀lì, ni pé ó ní kò sí ohun méjì tó tún lè dọ́gba ju ìyẹn lọ. Párálẹ́ẹ̀lì ti wà nínú gbogbo ìdọ́gba tí ọmọ yín ń kọ láti jẹ́lé-ó-sinmi.

Nígbà tí ìdagẹ̀rẹ́ ti wà lọ́wọ́, ẹ fi í sínú y − y₁ = m(x − x₁), níbi tí (x₁, y₁) ti jẹ́ ojú àmì tí wọ́n fún wa:

y − (−1) = −(3/2)(x − 4)

y + 1 = −(3/2)(x − 4)

Ìdá kì í jẹ́ kí ọwọ́ yá, ẹ fi 2 sọ apá méjèèjì di púpọ̀ kí ó lè kúrò:

2(y + 1) = −3(x − 4)

2y + 2 = −3x + 12

3x + 2y = 10

Ẹ jẹ́ kó kọ àkámọ́ yẹn sílẹ̀ gbangba nígbà tó bá ń fi 2 sọ ọ́ di púpọ̀. Ọmọ tí kò bá kọ ọ́ á kọ 2y + 1, á sì bọ́ sí 3x + 2y = 11. Ibòmíràn tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀ ni −3 lọ́nà −4. +12 ni. Ẹni tó bá kọ −12 á bọ́ sí 3x + 2y = −14. Kò sì yẹ kí èyíkéyìí nínú wọn dé iwájú olùkọ́ tó ń máàkì, torí àyẹ̀wò tó ń mú wọn kò tó ìṣẹ́jú kan: ẹ fi 4 rọ́pò x, kí ẹ fi −1 rọ́pò y. Apá òsì á jẹ́ 10. Kì í ṣe 11, kì í ṣe −14.

Àyẹ̀wò yẹn dára, ṣùgbọ́n ìdajì ni. Ẹ rántí pé y = 3x − 13 tí ọmọ yín kọ yege nínú rẹ̀! Ìdí nìyẹn tí ẹ̀yin méjèèjì fi wò ó títí tí ẹ kò rí nǹkan kan. Ìdajì kejì ni kí ẹ fi ìdáhùn náà pẹ̀lú ìlà àkọ́kọ́ ṣe ìdọ́gba alájọṣe, irú èyí tí wọ́n ń pè ní simultaneous equations. Ẹ yọ 3x + 2y = 7 kúrò nínú 3x + 2y = 10: apá òsì di 0, apá ọ̀tún di 3. 0 = 3 kò lè rí bẹ́ẹ̀ láéláé, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé kò sí ojú àmì kankan tó wà lórí ìlà méjèèjì. Wọn kò pàdé. Tó bá jẹ́ pé x àti y kan jáde, bí 11/3 àti −2 ti òkè yẹn, ìlà náà kì í ṣe párálẹ́ẹ̀lì, bó ti wù kí iṣẹ́ tó wà lókè rẹ̀ mọ́ tó.

Ohun kan tún wà tó ń dẹ́rù ba àwọn ọmọ lásán. Bí ọmọ yín bá fi ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ bíi y = −(3/2)x + 5, òun náà tọ́, ìlà kan náà ni. Nínú ìdánwò JAMB, níbi tí wọ́n ti ń to ìdáhùn mẹ́rin kalẹ̀ láti A dé D, ó lè rí i bíi 3x + 2y − 10 = 0, tàbí 2y = 10 − 3x. Kó tó sọ pé ìdáhùn òun kò sí níbẹ̀, kó tún ti ara rẹ̀ tò kí ó bá tiwọn mu.

Ọ̀nà àbùjá kan wà tí mo fẹ́ràn gan-an, mo sì fẹ́ kó kọ́ ọ lẹ́yìn tí ìrìn orí gíráàfù bá ti yé e, kó má ṣe jẹ́ ṣáájú. Ẹ wo ìlà àkọ́kọ́ àti ìdáhùn: 3x + 2y = 7, 3x + 2y = 10. Apá òsì kò yí padà rárá. Kò sì lè yí padà, torí nínú ax + by = k, −a/b ni ìdagẹ̀rẹ́; k kò dá sí i. Iṣẹ́ k ni láti gbé ìlà náà síwájú tàbí sẹ́yìn láì yí ojú rẹ̀. Nítorí náà, bí ìlà àkọ́kọ́ bá ti wà ní irú ètò yìí, ẹ da apá òsì kọ bó ṣe wà, ẹ fi ojú àmì náà rọ́pò x àti y, ohun tó bá jáde ni k. Ìlà kan ṣoṣo ni iṣẹ́ náà: 3(4) + 2(−1) = 10, nítorí náà 3x + 2y = 10. Ìbéèrè tí ọmọ ń fi ìdajì ojú ewé ṣe ti parí.

Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ló tẹ̀ lé e. Bí ìwé bá fẹ́ kí ó parí sí = 0, 10 yóò di −10: 3x + 2y − 10 = 0. Àwọn tó bá fi +10 síbẹ̀ ti gbé ìlà náà lọ sí òdìkejì.

Ní báyìí, x = 5. Ọmọ yín rí òótọ́ tí ọ̀pọ̀ àgbà kì í rí: ìlà yẹn kò ní ìdagẹ̀rẹ́. Ìlà tó dúró ṣánṣán ni, gbogbo ojú àmì orí rẹ̀ ni x ti jẹ́ 5: (5, 0), (5, 3), (5, −8). Bí a bá rìn láti (5, 0) dé (5, 3), a gòkè ní 3, a kò rìn sí ọ̀tún rárá, bẹ́ẹ̀ a kò lè fi 0 pín nǹkan. Ẹ má jẹ́ kó kọ pé ìdagẹ̀rẹ́ rẹ̀ jẹ́ 0. Ìlà tó sùn gbalaja ló ní 0, bíi y = 5. Èyí tó dúró kò ní nọ́ńbà kankan. Ìlà tó dúró, ìlà mìíràn tó dúró ló lè jẹ́ párálẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú rẹ̀, nítorí náà èyí tó gba (4, −1) kọjá ni x = 4. Tó bá jẹ́ y = 5 ni wọ́n fún wa, ìdáhùn á jẹ́ y = −1. Àwọn ọmọ máa ń ṣi èyí mú, wọ́n á kọ x = −1. Ohun tí kò jẹ́ kí wọ́n ṣì í ni kí wọ́n bi ara wọn pé: lórí ìlà yìí, èwo ni kì í yí padà, x tàbí y? Ẹ tún wò ó, ọ̀nà àbùjá òkè yẹn kò tilẹ̀ kọsẹ̀ níbí: x = 5 jẹ́ 1x + 0y = 5, ẹ fi (4, −1) sí i, k jẹ́ 4. Ibi tí “mú gradient kan náà” ti há sọ́nà, “má fọwọ́ kan apá òsì” ń kọjá lọ wẹ́rẹ́.

Nígbà mìíràn, wọn kì í fún ọmọ ní ìdọ́gba ìlà àkọ́kọ́. Ojú àmì méjì ni wọ́n á fún un. Ká ní ìlà náà gba (−2, 5) àti (4, 2) kọjá, tí a sì ń wá párálẹ́ẹ̀lì rẹ̀ tó gba (3, −1) kọjá. Ìdagẹ̀rẹ́ jẹ́ (2 − 5) lórí (4 − (−2)), ìyẹn −3/6, tó dín kù sí −1/2. Ojú àmì tí y rẹ̀ bá ṣáájú lókè, x rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ ṣáájú nísàlẹ̀; ẹni tó bá kọ (2 − 5) lókè tó wá kọ (−2 − 4) nísàlẹ̀ á rí 1/2, ìlà rẹ̀ á máa gòkè. Ìyókù ti di mímọ̀: y + 1 = −(1/2)(x − 3), tó parí sí x + 2y = 1. Àyẹ̀wò: 3 − 2 = 1.

Bí wọ́n bá ní kó wá k (kì í ṣe k ti ọ̀nà àbùjá; níwájú x ni èyí wà) kí kx − 6y = 5 lè jẹ́ párálẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú 2x + 3y = 1, ohun kan náà ni wọ́n ń béèrè láti ẹ̀yìn: 2 lórí 3 gbọ́dọ̀ bá k lórí −6 dọ́gba, nítorí náà k = −4. Kó sì wò ó dáadáa pé kì í ṣe ìlà kan náà ni wọ́n fi aṣọ mìíràn wọ̀. 6x + 4y = 20 àti 3x + 2y = 10 kì í ṣe ìlà méjì; ẹ fi 2 pín ti àkọ́kọ́, ẹ ó rí i. Bákan náà, bí ojú àmì tí wọ́n fún un bá wà lórí ìlà àkọ́kọ́ fúnra rẹ̀, bíi (1, 2) lórí 3x + 2y = 7, ìdáhùn tó máa jáde ni ìlà yẹn gan-an, kò sì sí párálẹ́ẹ̀lì tó lè gba ibẹ̀ kọjá lọ́tọ̀. Bí ojú àmì bá wà níta ìlà, ẹyọ kan ló wà, kò lè jẹ́ méjì, kò sì lè ṣàìsí. Pé kò lè jẹ́ méjì yìí ni John Playfair, ará Scotland, fi gbé ọ̀rọ̀ Euclid, onímọ̀ ìṣirò ará Gíríìsì ìgbàanì, kalẹ̀ ní 1795, òun náà ló sì jẹ́ kí ẹ̀yìn ìwé lè ní ìdáhùn kan ṣoṣo.

Ẹ má jẹ́ kó po párálẹ́ẹ̀lì mọ́ ìlà tó dábùú èkejì ní igun dígírì 90. Ti ìyẹn ni a máa ń dojú ìdagẹ̀rẹ́ dé tí a sì máa ń yí àmì rẹ̀ padà: −3/2 á di 2/3. Ti párálẹ́ẹ̀lì, a kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Bó bá sì ń fi gíráàfù yẹ̀ ẹ́ wò, kó rántí pé bí ìwọ̀n orí ọ̀pá x bá yàtọ̀ sí ti ọ̀pá y, ìlà párálẹ́ẹ̀lì á ṣì rí bíi párálẹ́ẹ̀lì lójú, ṣùgbọ́n igun dígírì 90 kò ní rí bíi dígírì 90 mọ́, àyàfi ti ìlà tó dúró ṣánṣán pẹ̀lú èyí tó sùn. Rúlà lè jẹ́rìí sí párálẹ́ẹ̀lì lórí irú gíráàfù bẹ́ẹ̀. Sẹ́ẹ̀tì sikúwéà kò lè jẹ́rìí sí ìdábùú.

Níbi tó le jù, wọn kì í fún ọmọ ní ojú àmì rárá, wọ́n á ní kó wá ìlà tó jìnnà sí ti àkọ́kọ́ ní iye báyìí. Ojú irin ni mo máa fi ṣàlàyé èyí, torí kò sí párálẹ́ẹ̀lì tó hàn sí wa tó bẹ́ẹ̀. Ojú irin tuntun tó lọ láti Èkó sí Ìbàdàn jẹ́ mìlímítà 1,435 ní fífẹ̀, láti etí inú irin kan dé etí inú ìkejì. Ti àtijọ́, èyí tí àwọn òyìnbó fi lélẹ̀, jẹ́ 1,067. Ẹ jẹ́ ká mú ibi tó lọ gbọọrọ, ká sì yà á sórí máàpù ní mítà, kí etí irin kan wà lórí 3x − 4y = 0, ìyẹn y = (3/4)x. Níbo ni etí irin kejì wà?

Ọ̀pọ̀ ló máa kọ y = (3/4)x + 1.435. Párálẹ́ẹ̀lì ni lóòótọ́, àmọ́ ọkọ̀ ojú irin kò ní lè wọ ibẹ̀. 1.435 tí wọ́n fi kún un yẹn, sókè tààrà lójú ọ̀nà ọ̀pá y ni wọ́n wọ̀n ọ́n, bẹ́ẹ̀ fífẹ̀ ojú irin, lábùú ni a ń wọ̀n ọ́n, ní igun dígírì 90 sí irin. Lábùú, ohun tí wọ́n rí jẹ́ mítà 1.148 péré, kò bá ti tuntun mu, kò sì bá ti àtijọ́ mu. Bí a ṣe ń ṣe é ni kí a lo ètò ax + by = k. Ìjìnnà tó wà láàárín ìlà méjì tí apá òsì wọn jẹ́ ọ̀kan náà ni ìyàtọ̀ k méjèèjì, tí a fi square root a² + b² pín. Níbí, a jẹ́ 3, b jẹ́ −4, 9 pẹ̀lú 16 jẹ́ 25, square root rẹ̀ jẹ́ 5. Ìyàtọ̀ k gbọ́dọ̀ jẹ́ 5 lọ́nà 1.435, ìyẹn 7.175. Irin kejì wà lórí 3x − 4y = −7.175 tàbí 3x − 4y = 7.175, torí wọn kò sọ ẹ̀gbẹ́ tó wà. Méjèèjì ni ọmọ gbọ́dọ̀ kọ. Ẹni tó bá kọ ẹyọ kan ti pàdánù máàkì. Èyí tó wà lókè, bí a bá tò ó ní ti y, jẹ́ y = (3/4)x + 1.79375. 1.79375 la fi kún un kí fífẹ̀ tó lè jẹ́ 1.435. Fún ìbéèrè tiyín, ìjìnnà láàárín 3x + 2y = 7 àti 3x + 2y = 10 jẹ́ 3 lórí square root 13, nǹkan bí 0.83.

Kí ọwọ́ rẹ̀ lè yá, ẹ fún un ní mẹ́ta yìí láì fi ìdáhùn hàn án. Àkọ́kọ́, párálẹ́ẹ̀lì 5y = 2x − 15 tó gba (−5, 3) kọjá; ẹ wò ó bóyá á mú 2 dípò 2/5, kí ẹ sì wò ó bóyá á kọ x − (−5) dáadáa. Ìdáhùn jẹ́ y = (2/5)x + 5, tàbí 2x − 5y = −25. Èkejì, párálẹ́ẹ̀lì x/3 + y/4 = 1 tó gba (0, 0) kọjá; kó kọ́kọ́ fi 12 sọ gbogbo rẹ̀ di púpọ̀ kí ìdá lè kúrò, á rí 4x + 3y = 0. Ẹ̀kẹta, párálẹ́ẹ̀lì y + 7 = 0 tó gba (2, 6) kọjá. Bó bá kọ x = 2, ẹ dá a padà sórí bébà gíráàfù; y = 6 ni.